Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ OKÙN INÁ TÍ Ó GÉ: BÍ A TI Í TÚN UN ṢE NÍ ILÉ LÁÌFI Ẹ̀MÍ WÉWU

Àwọn baba wa a máa wí pé, A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Iná tí wọ́n ń sọ nígbà náà ni èyí tí a ń fi ojú rí, tí èéfín rẹ̀ ń kìlọ̀ fún ni kí ó tó jó ni. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná tí ó wà ní ilé wa lónìí kò ní èéfín, kò ní òórùn, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Inú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó ń gbà kọjá. Nítorí pé a ń pè é ní okùn, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa lò ó bí ẹni ń lo okùn: bí ó bá já, wọn a so ó, bí ara rẹ̀ bá bó, wọn a fi ọ̀rá wé e. Ẹ̀kọ́ yìí yóò fi hàn ìdí tí èyí kò fi tọ́, àti ohun tí ó yẹ kí baálé ilé tí ó ní ìfarabalẹ̀ ṣe dípò rẹ̀.

1. OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé aláìmọ̀kan ni mo ń bá wí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe tèmi. Ní ọdún kan tí a ń sìn ọmọ adìyẹ, mo fa okùn iná láti inú ilé lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kí gílóòbù lè máa mú wọn móoru ní òru. Ní ọjọ́ Sátidé kan tí mo ń ṣán koríko, àdá mi gé okùn náà sí méjì. Iná kọ yẹ̀rì, ó sì dún bí ìbọn ọmọdé. Ọpẹ́lọpẹ́ èèkù àdá náà tí ó jẹ́ igi gbígbẹ.

Dípò kí n lọ ra okùn mìíràn, mo yọ ọ́ kúrò lára ògiri, mo fi eyín bó wáyà, mo lọ́ wọn mọ́ ara wọn, mo fi ọ̀rá tí a fi ń di iyọ̀ wé e, mo sì fi òwú dì í. Mo pààrọ̀ fíúsì. Iná dé. Inú mi dùn pé mo ti ṣọ́ owó ná.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òjò rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ewúrẹ́ wa kan ni a bá tí ó na gbalaja lórí koríko, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo so. Àbíkẹ́yìn mi, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, ti bẹ̀rẹ̀ láti gbé e. Ọwọ́ rẹ̀ kù díẹ̀ kí ó kan ara ẹran náà nígbà tí ìyá rẹ̀ kígbe orúkọ rẹ̀, ọmọ náà sì dúró. Ewúrẹ́ ti kú. Fíúsì kò já. Gílóòbù àwọn ọmọ adìyẹ sì ń tàn yanran, bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi àwọn tí ó mọ iṣẹ́ iná léèrè, ohun tí mo sì kọ́ ni mo kọ sí ìsàlẹ̀ yìí.

2. OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ OKÙN INÁ

Bí a bá la okùn iná, a ó rí awọ rọ́bà tí ó nípọn ní òde. Nínú rẹ̀ ni wáyà mẹ́ta wà, olúkúlùkù pẹ̀lú awọ tirẹ̀. Nínú awọ wọ̀nyí ni fọ́nrán bàbà wíwẹ́wẹ́ wà. Iṣẹ́ wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dọ́gba, àwọ̀ wọn ni a fi ń dá wọn mọ̀:

Èkíní ni wáyà tí ó ń gbé iná wá, tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní láìfù. Àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ búráùn, bí ara igi gbígbẹ.

Èkejì ni wáyà tí iná ń gbà padà, tí wọ́n ń pè ní niútírà. Àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ búlúù, bí aró.

Ẹ̀kẹta ni wáyà ilẹ̀. Ó jẹ́ àwọ̀ ewé pẹ̀lú ìlà ìyeyè. Ní ìgbà àlàáfíà kì í gbé iná rárá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé, bí iná bá ṣì ọ̀nà tí ó sì bọ́ sí ara irin ẹ̀rọ, kí ó gbé e lọ sínú ilẹ̀ kí ó má baà gba ara ènìyàn kọjá.

Ní àwọn ilé àtijọ́ ẹ̀wẹ̀, a ṣì lè bá àwọ̀ ti ìṣáájú: pupa ni ó ń gbé iná wá, dúdú ni ó ń dá a padà, àwọ̀ ewé nìkan sì ni ti ilẹ̀. Nítorí náà ẹ má ṣe fi ojú àwọ̀ nìkan ṣe ẹ̀rí. Àwọn aláìbìkítà mìíràn a máa fi àwọ̀ tí ọwọ́ wọn bá bà ṣe iṣẹ́. Okùn mìíràn, bí ti rédíò tàbí fìtílà orí tábìlì, wáyà méjì péré ni ó ní, nítorí pé a ti fi awọ ìlọ́po méjì dáàbò bo ẹ̀rọ náà.

3. ÌDÍ TÍ EWÚRẸ́ FI KÚ TÍ FÍÚSÌ KÒ SÌ JÁ

Ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ kà á.

Iná tí ó ń wọ ilé wa ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà jẹ́ nǹkan bíi fóòtì 230. Ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí iná ti ń ṣàn tó ni à ń pè ní áńpì. Fíúsì tí ó wà nínú púlọ́ọ̀gì ńlá a máa jẹ́ ti áńpì 13. Kì í já títí iná tí ó ń gbà á kọjá yóò fi ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n bí iná tí ó tó áńpì 0.03 péré bá gba àyà ènìyàn kọjá, ó lè da ọkàn rú kí ó má lè lù bí ó ti yẹ mọ́, ikú sì ni ìgbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ṣe ìṣirò náà: áńpì 13 ju áńpì 0.03 lọ ní ìlọ́po 400 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná lè pa ni, kí fíúsì má tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Wáyà ni fíúsì ń ṣọ́ kí ó má baà gbiná. Kì í ṣe ènìyàn.

Omi òjò wọ inú ọ̀rá tí mo fi wé wáyà, ó sì so bàbà pọ̀ mọ́ koríko tútù. Ara tí ó gbẹ a máa dènà iná díẹ̀. Ara tí ó tutù kò lè dènà rẹ̀. Ewúrẹ́ tẹ ibẹ̀, iná sì gba ara rẹ̀ lọ sínú ilẹ̀.

Bí òjò kò tilẹ̀ rọ̀, wáyà tí a lọ́ lásán tún ní ewu mìíràn. Ibi tí bàbà ti fara kan bàbà láìfún mọ́ra a máa gbóná, gẹ́gẹ́ bí ẹnu ọ̀nà tóóró ti ń dá ogunlọ́gọ̀ ènìyàn lágara. Bí ó bá ti ń gbóná ni ó ń tú sí i, bí ó bá sì ti ń tú ni ó ń gbóná sí i. Lẹ́ẹ̀dì téèpù a yọ́, rọ́bà a di dúdú, àti ní òru ọjọ́ kan, bí a bá so kẹ́túlù tàbí áyọ́ọ̀nù mọ́ okùn náà, ẹní tàbí aṣọ tí ó bò ó lórí a gbiná. Nítorí náà téèpù nìkan kò tó láti tún okùn tí ó gé ṣe, ì báà jẹ́ ojúlówó téèpù.

4. ÈYÍ TÍ A LÈ TÚN ṢE ÀTI ÈYÍ TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ FỌWỌ́ KÀN

Okùn tí a lè tún ṣe ní ilé ni èyí tí ó ní púlọ́ọ̀gì ní ẹnu, tí a lè fà yọ kúrò lára ògiri kí a sì gbé e wá sí orí tábìlì: okùn fáànù, ti fìtílà, ti rédíò, ti ẹ̀kúsítẹ́ńṣọ̀n.

Àwọn tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn nìyí:

Wáyà tí ó ti orí òpó wá sí ilé, àti èyí tí ó wà láàrin òpó àti mítà. Ti ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná ni, iná kì í sì kúrò nínú rẹ̀ nítorí pé a pa súwíìṣì ilé.

Wáyà tí a rì mọ́ inú ògiri. Ẹ pe oníṣẹ́ iná tí ó kọ́ iṣẹ́ náà. Bí ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ tàbí bátìrì bá wà ní ilé, ẹ sọ fún un, nítorí pé iná lè gba ibẹ̀ padà wọlé lẹ́yìn tí a ti pa ti ìjọba.

Okùn ẹ̀rọ tí ń fa omi nínú kànga, àti okùn tí a tẹ́ sí orí ilẹ̀ tútù. Bí èyí bá gé, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Okùn tí ara rẹ̀ ti sán ní ibi púpọ̀, tàbí tí eku ti jẹ kiri, tàbí tí ó ti jóná. Ojú kan ni ẹ rí. Ọ̀pọ̀ ni ẹ kò rí.

Òtítọ́ tí kò ṣe é fi pamọ́ ni pé okùn tuntun ni àtúnṣe tí ó dára jù lọ. Owó rẹ̀ kò tó owó ewúrẹ́, kí a má tilẹ̀ sọ ti ọmọ.

5. BÍ A TI Í ṢE IṢẸ́ NÁÀ

Ẹ wá ọ̀bẹ mímú, ẹ̀mú, sukuduráfà, àti púlọ́ọ̀gì tuntun tí ó nípọn. Ẹ wọ bàtà. Kí ọwọ́ àti ilẹ̀ gbẹ. Kí iṣẹ́ náà jẹ́ ti ọ̀sán, kì í ṣe ti òru pẹ̀lú àbẹ́là.

Ìkíní. Ẹ pa súwíìṣì, ẹ fa púlọ́ọ̀gì yọ, kí ẹ sì gbé e sí iwájú yín níbi tí ojú yín ti lè máa rí i títí iṣẹ́ yóò fi parí. Pípa súwíìṣì nìkan kò tó, nítorí ọmọdé lè tan án. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe wí pé, "Wọ́n ti mú iná lọ, kò séwu." Àwọn tí ó mú un lọ kì í ránṣẹ́ kí wọ́n tó mú un padà.

Ìkejì. Ẹ wo ibi tí ó ti gé. Bí ó bá súnmọ́ púlọ́ọ̀gì, ẹ gé apá tí ó bàjẹ́ dànù pátápátá, kí ẹ sì fi púlọ́ọ̀gì sí ẹnu èyí tí ó kù. Okùn yóò kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní sí oríkèé kankan lára rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn jù.

Ìkẹta. Ẹ fi ọ̀bẹ yí awọ òde ká ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí ẹnu, kí ẹ sì bọ́ ọ kúrò. Ẹ ṣọ́ra kí ọ̀bẹ má ṣe kan awọ àwọn wáyà inú. Bí ó bá kàn án, ẹ gé ibẹ̀ sọnù kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ bó ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan níwọ̀n tí yóò wọ inú ihò rẹ̀ nìkan, kí bàbà má ṣe yọ síta. Ẹ má ṣe gé fọ́nrán kankan nínú bàbà náà, nítorí pé bí fọ́nrán bá ti dín kù ni okùn ń di aláìlágbára. Ẹ lọ́ àwọn fọ́nrán pọ̀ kí ẹyọ kan má ṣe ta sí ẹ̀gbẹ́.

Ìkẹrin. Ẹ ṣí púlọ́ọ̀gì oníhà mẹ́ta náà. Irú èyí tí a ń lò ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní 1947, ètò inú rẹ̀ kò sì yí padà. Bí ẹ bá kọ inú rẹ̀ sí ojú yín tí ẹsẹ̀ gígùn wà lókè, wáyà ilẹ̀ ni ti òkè; búlúù ni ti ọwọ́ òsì; búráùn ni ti ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí fíúsì wà. Ẹ jẹ́ kí wáyà ilẹ̀ gùn ju àwọn méjì yòókù lọ díẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé bí ẹnìkan bá fa okùn náà tipátipá, òun ni yóò já gbẹ̀yìn. Ẹ dé ìdè kọ̀ọ̀kan kí ó le. Ẹ fa wáyà náà wò, kò gbọdọ̀ yọ.

Ìkarùn-ún. Nínú púlọ́ọ̀gì ni ohun kan wà tí ń di okùn mú ní ẹnu ọ̀nà. Awọ òde ni ó gbọdọ̀ dì mú, kì í ṣe wáyà inú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi èyí sílẹ̀, òun sì ni ó fà á tí okùn fi ń tú.

Ìkẹfà. Ẹ yan fíúsì tí ó bá ẹ̀rọ mu. Ẹ ka iye wáàtì tí a kọ sí ara ẹ̀rọ, kí ẹ pín in sí ọ̀nà 230. Èsì rẹ̀ ni iye áńpì. Áyọ́ọ̀nù wáàtì 1,000 ń gba áńpì 4 àti díẹ̀. Fáànù kò gba ìdajì áńpì. Fún ẹ̀rọ tí kò ju wáàtì 700 lọ, fíúsì áńpì 3 ni ó yẹ. Fún kẹ́túlù àti irú rẹ̀, ti áńpì 13. Ẹ má ṣe fi ìṣó, wáyà, tàbí bébà dídán inú páálí sìgá dípò fíúsì láé.

Bí àárín okùn ni ó ti gé, tí ẹ kò sì lè gé e kúrú, ẹ ra àpótí ìsopọ̀ kékeré tí a ṣe fún okùn iná, èyí tí ó ní ìdè fún wáyà kọ̀ọ̀kan àti ohun tí ń di awọ òde mú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Búráùn sí búráùn, búlúù sí búlúù, ilẹ̀ sí ilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí a lè fà yọ sí méjì, ẹ rántí pé apá oníhò ni ó gbọdọ̀ wà ní ìhà ibi tí iná ti ń bọ̀, apá eléyín sì ní ìhà ẹ̀rọ. Bí a bá yí i padà, eyín tí ó hàn síta yóò ní iná nínú, ọmọdé tí ó bá dì í mú yóò sì rí ikú he. Inú ilé gbígbẹ nìkan ni irú ìsopọ̀ yìí wà fún. Kì í ṣe fún ẹ̀yìnkùlé, kì í sì í ṣe fún abẹ́ ẹní.

6. ÌDÁNWÒ

Kí ẹ tó fi púlọ́ọ̀gì sí ara ògiri, ẹ fi mítà ìdánwò wo okùn náà ní gbígbẹ. Wáyà kọ̀ọ̀kan gbọdọ̀ já gaara láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Wáyà ilẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ní àjọṣe kankan pẹ̀lú àwọn méjì yòókù. Bí ẹ kò bá ní mítà, ẹ gbé e lọ bá oníṣẹ́ iná. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Tẹ́sítà kékeré onígílóòbù a máa tan ni jẹ: àìtàn rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé iná kò sí.

Lẹ́yìn tí a bá ti lò ó fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, ẹ pa súwíìṣì, ẹ fa púlọ́ọ̀gì yọ, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan ara rẹ̀. Bí ó bá gbóná, ìdè kan kò le tó. Ẹ tún un ṣe.

Ẹni tí ó bá ní agbára kí ó ní kí oníṣẹ́ iná fi ẹ̀rọ kékeré tí ń já iná fúnra rẹ̀ sí ibi tí iná ti ń wọ ilé, irú èyí tí a kọ 30 mA sí lára. Nígbà tí iná bá ń jò gba ibi tí kò yẹ, yóò já a kí ojú tó ṣẹ́. Fíúsì ń ṣọ́ wáyà. Ẹ̀rọ yìí ni ó ń ṣọ́ ènìyàn. Ká ní ó wà ní ilé mi, ó ṣeé ṣe kí ewúrẹ́ mi má kú.

7. BÍ INÁ BÁ GBÉ ÈNÌYÀN

Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ikú ẹnìkan ti di ikú ẹni méjì nítorí ìfẹ́. Ẹ pa iná ní orísun rẹ̀. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, ẹ dúró lórí pákó gbígbẹ, kí ẹ sì fi igi gbígbẹ ti okùn náà kúrò lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ wáyà orí òpó ni ó já lulẹ̀, ẹ jìnnà sí i, ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò, kí ẹ sì pe ilé-iṣẹ́ iná.

Nígbà tí iná bá ti kúrò, bí ẹni náà kò bá dáhùn tí kò sì mí dáadáa, ẹ rán ẹnìkan kí ó pe 112. Ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ara wọn ní àárín àyà rẹ̀, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, kí ó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ní ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ má ṣe dáwọ́ dúró títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Ẹni tí ó tilẹ̀ dìde fúnra rẹ̀, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé iná a máa ṣe ọṣẹ́ nínú tí a kò rí ní òde.

Bí okùn bá gbiná, ẹ má ṣe da omi sí i nígbà tí iná mànàmáná ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ pa á ní orísun. Iyanrìn gbígbẹ ni kí ẹ dà lé e.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN ARÁ ILÉ

Kí baálé ilé bi àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìbéèrè wọ̀nyí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan:

Ìbéèrè: Kí ni ìwọ yóò ṣe bí o bá rí okùn iná tí ara rẹ̀ bó?
Ìdáhùn: N kò ní fọwọ́ kàn án, n ó pe àgbà.

Ìbéèrè: Bí ẹran bá kú sí ẹ̀gbẹ́ okùn iná ńkọ́?
Ìdáhùn: N kò ní súnmọ́ ọn títí a ó fi pa iná.

Ìbéèrè: Ta ni fíúsì ń ṣọ́?
Ìdáhùn: Wáyà ni ó ń ṣọ́, kì í ṣe èmi.

Ìbéèrè: Ǹjẹ́ a lè ki igi ìgbálẹ̀ bọ ojú ihò iná láti fi wáyà lásán há a?
Ìdáhùn: Rárá. Púlọ́ọ̀gì nìkan ni ó yẹ ihò náà.

Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ti di ọ̀dọ́mọkùnrin nísinsin yìí. Nígbàkúùgbà tí ó bá bá mi níbi tí mo ti ń tún okùn iná ṣe, òun ni ó máa ń kọ́kọ́ béèrè pé, "Bàbá, púlọ́ọ̀gì ọ̀hún dà?" Èmi a sì fi hàn án lórí tábìlì, kí a tó máa bá iṣẹ́ lọ.